Lórí orúkọ tí a ó fún àmì àìsàn lára ọ̀gà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú fi ránṣẹ́ fún ìlò àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀gà, ẹranko tí àwọn mìíràn ń pè ní alágẹmọ, nínú ilé, kí wọ́n lè fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n bá rí nígbà tí ara ẹranko náà kò bá dá. Mo sì ti ka èsì tí arákùnrin wa láti Àgbádárìgì fi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe àrùn tí ń mú ẹsẹ̀ ọ̀gà wọ́ ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Arákùnrin wa ní tirẹ̀ fẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àìsàn àwọ̀, fún gbogbo ìgbà tí ọ̀gà bá dúdú tí kò sì jẹun. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, nítorí pé orúkọ tí a bá fún àìsàn ni ẹni tó ni ẹran yóò tẹ̀ lé lọ wá ìwòsàn, bí orúkọ náà bá sì ṣì í lọ́nà, ẹ̀mí ẹranko náà ni yóò lọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú orúkọ ẹranko náà fúnra rẹ̀. Nínú àkójọ náà, agẹmọ, alágẹmọ àti ọ̀gà ń gba ipò ara wọn láti ìlà kan sí èkejì. Níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ìyẹn lè má fa wàhálà kankan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbi tí àṣà Ìjẹ̀bú ti fìdí múlẹ̀, Agẹmọ jẹ́ òrìṣà, ó ní olóyè, ó ní ọdún, ó sì ní èèwọ̀ fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún títọ́ ẹran dàgbà, ìyẹn sìn, òun náà ni a ń lò fún ìbọ. Ẹni tí ó bá wí ní àdúgbò wa pé òun ń sin agẹmọ ti wí ohun mìíràn pátápátá, bí ó bá sì jẹ́ ọmọbìnrin ni ó wí i, ọ̀rọ̀ náà lè di ti ìdílé. Nítorí náà, ọ̀gà ni kí a mú, kí àmì ohùn rẹ̀ pé kí ó má baà di ọ̀gá, kí a sì máa sọ pé a ń tọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Kò sí òbí kan ní ìpínlẹ̀ Èkó tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀kán oògùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń kán sí ọmọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé. Àrùn tí ń ràn ni, kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, àjẹsára ni a sì fi ń dènà rẹ̀. Èyí tí ń ṣe ọ̀gà kì í ràn, kò sì ní àjẹsára. Ohun tí ó ń fà á ni pé kálísíọ́mù, èròjà tí ń mú egungun le, kò tó nínú ara ẹranko náà. Ìrẹ̀, tata àti aáyán tí ó ń jẹ kò ní kálísíọ́mù púpọ̀, fọ́sífọ́ọ̀sì inú wọn, èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ́mù lò dáadáa bí ó bá pọ̀ jù, sì ju kálísíọ́mù náà lọ. Bí kálísíọ́mù bá tilẹ̀ wà nínú oúnjẹ, fítámì D3 ni ó ń jẹ́ kí ó wọ ara, ìtànṣán oòrùn tí a ń pè ní UVB ni awọ ọ̀gà sì fi ń ṣe fítámì náà. Nígbà tí èyí kò bá sí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kálísíọ́mù láti inú egungun kí iṣan àti ọkàn lè rí i lò. Egungun á rọ̀, apá á tẹ̀ níbi tí kò ti yẹ kí ó tẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á máa mì bí a bá fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ tí ìka rẹ̀ pín sí 2 ní ẹ̀gbẹ́ kan àti 3 ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní lè di ẹ̀ka igi mú mọ́, ọ̀gà náà á sì máa já bọ́.

Ẹ wo ohun tí orúkọ yóò ṣe níhìn-ín. Ẹni tí a bá sọ fún pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni yóò ya ọ̀gà kan sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, yóò máa wá abẹ́rẹ́ kiri, yóò sì fi àgò rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn fèrèsé onígíláàsì níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ó rí i pé oòrùn ń dé ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń dé ibẹ̀ lóòótọ́, ooru náà ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í jẹ́ kí UVB kọjá. Ẹni tí a bá sọ fún pé egungun rírọ̀ ni, ìbéèrè tí ó máa kọ́kọ́ bi ni ohun tí ó mú egungun rọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti gbọ́ nípa oòrùn tí kò gba inú gíláàsì kọjá, nípa ibòji tí kò gbọdọ̀ ṣaláì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn náà, àti nípa lúbúlúbú kálísíọ́mù tí a ń bu wọ́n ìrẹ̀ kí a tó fún ọ̀gà jẹ. Àrùn egungun rírọ̀ ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé kíndìnrín tí ó bàjẹ́ náà lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì dúró, nítorí pé ohun tí ojú rí ni ó sọ, kò sì parọ́ nípa ìdí rẹ̀.

Àmì kan wà tí ó bá egungun rírọ̀ rìn, tí èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún tipẹ́, tí a sì fẹ́ sọ nù. Àkójọ náà kọ gbígbọ̀n síwájú ìrìn ọ̀gà, kò sì ṣe àlàyé kankan. Ọ̀gà tí ara rẹ̀ dá kì í gbọ̀n, jíjó ni ó ń jó. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ síwájú, bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì. Àwọn baba wa wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ pé alágẹmọ ti bí ọmọ tirẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Gbígbọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gà á dúró sójú kan lórí ẹ̀ka, kò lọ, kò bọ̀, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ àti itan rẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì fúnra wọn, nítorí pé kálísíọ́mù ti wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì, ẹni tí ó ń ka àkójọ yìí yóò bẹ̀rù ọ̀gà tí ń jó, tàbí kí ó fọkàn balẹ̀ sí èyí tí ń gbọ̀n, èyí èkejì ni mo sì ń bẹ̀rù jù.

Mo wá dé orí àìsàn àwọ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Geneva ní orílẹ̀-èdè Switzerland tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀gà Madagásíkà, nínú èyí tí wọ́n fi hàn pé àwọn kírísítálì kéékèèké, ìyẹn ègé dídán tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ rẹ̀, àti pé bí àyè àárín wọn bá ṣe ń fẹ̀ tàbí tí ó ń fún ni àwọ̀ tí a ń rí ṣe ń yí padà. Ìgbà tí ara rẹ̀ tutù ní òwúrọ̀, ọ̀gà a dúdú kí ó lè tètè gba ooru oòrùn. Bí ó bá bínú, bí ẹ̀rù bá bà á, bí ó bá rí akọ bíi tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ara ìlera rẹ̀, bí a bá sì sọ àwọ̀ di orúkọ àìsàn, a ó máa fi oògùn dá ẹran tí kò ṣe nǹkan lóró. Ohun tí ó yẹ kí àkójọ wa sọ ni bí àwọ̀ náà ti pẹ́ tó. Ọ̀gà tí ó ti yá oòrùn tán, tí ẹnikẹ́ni kò dà á láàmú, tí ó sì ṣì dúdú títí di ọjọ́rọ̀, mo dábàá pé kí a sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ rọ, tí kò mọ́lẹ̀ mọ́, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, kí a sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún aṣọ. Méjèèjì jẹ́ àmì tí ó ń sọ fún wa pé kí a wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Wọn kì í ṣe orúkọ ohun tí ó bàjẹ́.

Nípa ojú, àkójọ náà ní àìsàn ojú, kò sì lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú ni ó yẹ kí a fún ní ìlà tí ó pọ̀ jù. Ìpéǹpéjú ọ̀gà bo gbogbo ẹyinjú rẹ̀ àfi ihò kékeré kan láàárín, ó sì ń yí ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Ojú tí ó jìn sínú ń sọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé omi ara ti gbẹ, tàbí pé ẹranko náà ti rù. Ojú tí ó wú lè wá láti inú àìtó fítámì A, láti inú ìdọ̀tí tí ó kó sí i, tàbí láti inú àrùn kòkòrò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ máa da fítámì A sí i lẹ́nu láìbéèrè, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe jàǹbá. Ojú tí ó pàdé lójú ọ̀sán ni ó burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gà a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, nígbà tí ó bá sì ń sùn lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti àfarabalẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹran tí Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Abẹ́òkúta ní jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí dókítà ẹran nítòsí lè fi fóònù béèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a pààrọ̀, tí ó dà bí ohun kékeré. Ìgbẹ́ ọ̀gà ní apá méjì, apá dúdú tí í ṣe ìgbẹ́ gan-an àti apá kan tí ó funfun, tí ó le díẹ̀, tí í ṣe ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa pe apá kejì yìí ní ìtọ̀ funfun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń tọ́jú ọ̀gà kan nínú àgò tí a fi igi àti nẹ́ẹ̀tì ṣe, gbé ewé kan wá fún mi láìpẹ́ yìí: ìgbẹ́ náà wà lórí rẹ̀, apá tí ó yẹ kí ó funfun ti pọ́n bí pupa inú ẹyin, ó sì ti gan mọ́ ewé. Kí ni kí ọmọ náà kọ sílẹ̀, pé ìtọ̀ funfun rẹ̀ pọ́n? Pípọ́n yẹn ni àmì tí a ń wá, nítorí pé ó ń sọ pé omi kò tó o. Ìtọ̀ dídì ni mo dábàá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ẹ̀jẹ̀ dídì, kí àwọ̀ lè wà lómìnira láti yí: ìtọ̀ dídì funfun, ìtọ̀ dídì tó pọ́n. Afẹ́fẹ́ Ẹ̀pẹ́ tutù dáadáa nítorí ọ̀sà, èyí sì ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀gà kò lè pòǹgbẹ níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀gà kì í sábà mọ omi inú abọ́ sí ohun mímu, ìkán omi orí ewé ni ó ń lá, a sì gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí ewé rẹ̀. Ìgbẹ́ yìí kan náà ni kí a gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nígbà tí ó bá ṣì tutù, nítorí pé ọ̀gà tí a mú láti inú igbó sábà máa ń ní aràn.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ta ahọ́n ni kí a lò, kì í ṣe na ahọ́n, nítorí pé ó ń tà á jáde ni, ahọ́n tí kò sì tà dé ibi tí ìrẹ̀ wà mọ́ jẹ́ àmì. Kí a yọ ẹnu jíjẹrà kúrò, kí a sì fi egbò ẹnu rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń retí ìjẹrà yóò dúró títí yóò fi gbóòórùn, nígbà tí ètè ti wú tí ọyún sì ti hàn ní ẹ̀gbẹ́ eyín tipẹ́. Ní ti abo, oyún kò bá gbogbo wọn mu. Ọ̀gà kan wà ní orí òkè Kẹ́ńyà tí ó ń bí ọmọ láàyè, ṣùgbọ́n ẹyin ni púpọ̀ nínú wọn ń yé, abo ọ̀gà ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú jù lókè òkun sì ń ní ẹyin nínú láìrí akọ rárá. Bí kò bá sí iyẹ̀pẹ̀ jíjìn tí ó lè gbẹ́ ihò sí, ẹyin á há sí i nínú, ó sì lè kú. Ẹyin há ti tó fún orúkọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù tí ọkàn mi kò tíì dúró lé tán ni ti èémí. Ikọ́ kò bá a mu, nítorí pé ẹran afàyàfà kò ní iṣan tí ó pín àyà àti ikùn bí tiwa, kò sì lè húkọ́ dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kàn dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Òtútù àyà sàn jù, nítorí pé òtútù àti àgò tí ó tutù láìsí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí ń ṣí ọ̀nà fún àrùn náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbọ́ òtútù lè rò pé ooru ni oògùn. Yíya ẹnu nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, ọ̀gà tí ooru mú náà a máa ya ẹnu, ṣùgbọ́n yóò pa á dé bí ó bá dé ibòji. Èyí tí ó gbé orí sókè kí ó tó lè mí, tí ìfófòó wà ní imú tàbí ní ẹnu rẹ̀, tí èémí rẹ̀ sì ń dún, òun ni a ń sọ. Mo gbà kí òtútù àyà dúró nínú àkójọ náà, bí ẹ̀gbọ́n wa bá lè kọ ọ́ sí ìlà tí ó tẹ̀ lé e pé ooru nìkan kò lè wò ó, àti pé oògùn tí dókítà ẹran bá yàn ni kí a lò.