Káàdì Gold: ohun tó gbà lọ́wọ́ mi, ohun tó fún mi

Ìrírí kìíní

Ẹ̀yin ará, owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi wà ní ipò Gold lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan (ipò tí wọ́n ń fún oníbàárà tó bá wọ bàálù wọn dáadáa láàárín ọdún kan), ibi iṣẹ́ mi ló ń san gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń rán mi jáde lóṣooṣù, máìlì, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kà fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, ń wọlé, n kò da ara mi láàmú nípa rẹ̀.

Ní ọdún kẹta ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó so mí mọ́ káàdì náà. Ìjì líle dé, wọ́n fagi lé bàálù wa nírọ̀lẹ́. Àwọn èrò tò síwájú káńtà, n kò rí ibi tí ìlà náà parí sí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì ti ṣèlérí pé màá wà níbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà fún àwọn oní-Gold. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi gbé fóònù, wọ́n sì fi mí sínú bàálù ilé-iṣẹ́ mìíràn tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe pọ̀. Mo débẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù pé káàdì yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ mi kò jẹ́ kí n sinmi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibi iṣẹ́ dín ìrìn àjò kù. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, mo wo àkáǹtì mi, àlọ àti àbọ̀ kan péré ló kù kí n tó lè di Gold mú. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ìlú tí n kò ti mọ ẹnì kankan, mo sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, ilẹ̀ mọ́, mo padà sílé. Mileage run ni àwọn onírìnàjò ń pè é. Ìparí ọdún ló máa ń pọ̀ jù, torí pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ètò ń pa ìwé ìṣirò ọdún wọn dé. Káàdì dúró, inú mi dùn.

Ọdún kan kọjá kí n tó jókòó ṣírò ohun tí mo rí gbà. Mo kọ àwọn àǹfààní rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń bi ara mi pé: ká ní wọn kò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé màá yọ owó fún un? Ẹrù kejì, bẹ́ẹ̀ ni, mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, ǹ bá san owó rẹ̀. Lounge, yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀ ọ́, ohun tí mo sì jẹ níbẹ̀ kò ju kọfí àti búrẹ́dì lọ. Títètè wọ bàálù dára, àyè máa ń wà fún àpò lókè orí, ṣùgbọ́n n kò ní sanwó fún un. Ní ti pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ìjókòó iwájú, wọn kò ṣe é rí lọ́dún náà, àwọn tí ipò wọn ga ju tèmi lọ ti gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo ro ó pọ̀, kò tó ìdajì owó tí mo ná lórí ìrìn òfo yẹn. Bàálù tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? N kò lè kà á mọ́ ọn, ọdún tí owó ibi iṣẹ́ gbé mi ni.

Ẹ ka òfin lounge kí ẹ tó lé ipò kankan. Ẹni tó gba Gold Star Alliance (ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó jọ ń ṣe pọ̀) lọ́wọ́ United, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, kò lè torí rẹ̀ wọ lounge United bó bá jẹ́ pé inú Amẹ́ríkà nìkan ló ti ń fò. Ẹni tó gba Gold kan náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà ń wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ irú èyí fún mi rí.

Ìrìn òfo ìparí ọdún pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Láti ọdún 2024, owó tí o ná ni Delta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, fi ń ṣírò ipò, kì í ṣe jíjìnnà ọ̀nà: 5,000 dọ́là ní ìṣirò wọn fún Silver tó kéré jù, 28,000 fún Diamond tó ga jù. British Airways gba ọ̀nà kan náà ní oṣù Kẹrin 2025, Silver di àmì 7,500, Gold di àmì 20,000, pọ́n-ùn kan sì ni àmì kan. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó lọ jìnnà kò lè gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀ mọ́.

Ìrírí kejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ là á yé wa. Tèmi kò sí nínú ìṣirò tiyín. Ọdún méjì ni mo fi yẹra fún bàálù tó ń lọ tààrà, torí pé ilé-iṣẹ́ tí mo ń kó máìlì lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í lọ ibẹ̀ láìdúró lọ́nà. Wákàtí mẹ́rin ló ń bá mi lọ nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi ti máa ń sùn kí n tó délé. N kò kọ ìyẹn sí ìwé kankan, òun ló sì wọ́n jù.

Mo ti wá béèrè fún status match níbòmíràn: mo fi ẹ̀rí káàdì mi ránṣẹ́, wọ́n fún mi ní ipò tó bá a mu fún oṣù mélòó kan kí wọ́n fi wò mí. Ẹ má béèrè fún un títí ìrìn àjò yóò fi wà nílẹ̀, torí pé ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kì í fẹ́ ṣe é fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì. Èmi yára béèrè, inú oṣù tí n kò lọ ibì kankan ni àkókò náà parí sí.

Ìrírí kìíní

Àbúrò, ti ọmọ yẹn wọ̀ mí lára. Wọ́n ti já mi sí Silver, ipò tó wà lábẹ́ Gold, báyìí. Bàálù àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ni mo ń mú, èyí tó ń lọ tààrà, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá fagi lé e, òmíràn ṣì wà lọ́jọ́ náà. Oṣù Kọkànlá tún ti dé. N kò tíì ṣí àkáǹtì mi wò.