Ọṣẹ ìfọṣọ wo ni awọ ọmọ tó ń yún lè gbà?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé: ọ̀kan ní ẹ́kísímà, ọ̀kan ní ikọ́ fée, ẹ̀kẹta jẹ́ ìkókó oṣù mẹ́rin. Ti ẹlẹ́kísímà máa ń yún un jù lọ́rùn, lábíyá àti níbi tí rọ́bà ṣòkòtò ti fún un. Omo olóòórùn la fi ń fọṣọ (irú èyíkéyìí ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ o), a sì ń da nǹkan olómi tí ń mú aṣọ rọ̀ tó ń ta sánsán sí omi ìkẹyìn. Ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́. Omi bọhóòlù wa pọ́n. Ṣé kí n ra ọṣẹ inú kẹ́ẹ̀gì ní Sábó ni, àbí ọṣẹ dúdú?

Alágbàfọ̀ Odògúnyàn:
Ọrùn, abíyá, ìbàdí: ibi tí aṣọ ti ń lẹ̀ mọ́ ara tí òógùn sì ń rin ín ni gbogbo wọn. Ọṣẹ tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ ni òógùn ń tú sí awọ. Kẹ́ ẹ tó náwó sórí ọṣẹ tuntun, ẹ mú aṣọ ìnura kan tẹ́ ẹ ti fọ̀ tó sì ti gbẹ, ẹ rì í sínú abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ rún un. Bí omi bá hó, tàbí tó funfun bí omidùn, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹni ń bu gàrí la ṣe ń bu omo, torí a gbà pé ọṣẹ tí kò hó kò fọṣọ. Ṣíbí ìjẹun kan, tẹ́ ẹ fọwọ́ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ti tó fún omi lítà 10 bí aṣọ ò bá dọ̀tí jù. Kó yọ́ tán kẹ́ ẹ tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, torí hóró tí kò yọ́ ń há sí kọ́là àti ojú rírán, ibẹ̀ gan-an ló sì ń ha ọmọ lára. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́ ẹ máa fún un gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e sínú omi tó kàn. Bẹ́ ẹ ò bá fún un, omi ọṣẹ ti tẹ́lẹ̀ lẹ kàn ń kó lọ bá omi tuntun.

Omi tó pọ́n yẹn, irin ló wà nínú ẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù lálẹ́, kẹ́ ẹ bu tòkè lówùúrọ̀, kẹ́ ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má da búlíìṣì sí i o, òun ló ń sọ irin di àbàwọ́n sára aṣọ funfun.

Ọmọ Adé, Ìjẹ̀dẹ̀:
Ọṣẹ dúdú jàre! Kò ní kẹ́míkà kankan.

Ase-ọṣẹ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ọmọ Adé, ẹ rọra. Eérú èèpo kòkó àti àdín la fi ń sè é, omi eérú yẹn sì ń jẹ awọ. pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tàbí ṣe jọ omi eérú tó: bó bá ṣe ga tó ló ṣe jọ omi eérú tó. Ti awọ ara kò ju bíi 5 lọ. Ti ọṣẹ dúdú sábà máa ń lé ní 9, ìkòkò kan kì í sì í rí bí èkejì. Ẹ fi fọ aṣọ mẹ́káníìkì, kì í ṣe aṣọ ẹlẹ́kísímà.

Ti inú kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Sulphonic acid àti sódà alágbára ni wọ́n ń pò pọ̀ kí wọ́n lè pa agbára ara wọn, wọ́n á wá fi àwọ̀, lọ́fíńdà àti formalin kún un kó má bàa bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, ọṣẹ náà á ṣì hó dáadáa, á sì máa jó awọ. Formalin fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà. Kẹ́ẹ̀gì ò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní àkọsílẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀yìn páálí ni kẹ́ ẹ kà. "Fragrance free" (kò ní lọ́fíńdà) ni kẹ́ ẹ wá. "Unscented" (kò ní òórùn) lè jẹ́ pé lọ́fíńdà kan ni wọ́n fi bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀, àwòrán ìkókó lára páálí ò sì sọ pé kò ní lọ́fíńdà. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ wò ó bóyá methylisothiazolinone wà níbẹ̀, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń fi sí i kó má bàa bàjẹ́, tó sì máa ń bí awọ nínú. Bó bá wà, ẹ dá a padà. Nǹkan tí ń mú aṣọ rọ̀ yẹn, ẹ pa á tì lónìí. Fínígà funfun mílílítà 100 nínú omi lítà 10, ní ìṣan kejì, á yọ ọṣẹ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ, á sì mú un rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí òun àti búlíìṣì pàdé láé: afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń fún èèyàn lọ́fun, ẹ sì ní oníkọ́ fée nílé.

Nọ́ọ̀sì, Agric:
Nǹkan kan ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí gbogbo ilé bá wá ń yún lóru, láàárín ìka àti lọ́rùn ọwọ́, ọṣẹ kọ́ o. Kòkòrò tó ń wọ abẹ́ awọ ni, oògùn ló gbà.

Aṣọ ibùsùn oníkọ́ fée, omi 60°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pa kòkòrò inú eruku. Ẹ da omi híhó àti omi tútù pọ̀ ní ọgbọọgba, ó ti sún mọ́ ọn nìyẹn. Igi ni kẹ́ ẹ fi rò ó, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ kó kánfọ̀ kúrò nínú àpótí aṣọ ìkókó pẹ̀lú. Ọmọ tí G6PD ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) kò tó, èyí tó jẹ́ oní-naphthalene lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ ìṣan mẹ́ta, omi á tán o. Iná tí ń fa omi ò dúró.

Alágbàfọ̀ Odògúnyàn:
Aṣọ ẹlẹ́kísímà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kí omi tó mọ́ jù lọ kàn án. Omi ìṣan kẹta rẹ̀, ẹ fi fọ tàwọn tó kù. Ti ìṣan kìíní, ẹ fi nu ilẹ̀.