Ṣé fóònù lè gbé hẹ́dífóònù 250 ohm?

Ọmọ_Ìgbógbo: Ẹ̀yin bọ̀dá, mo fẹ́ ra Beyerdynamic DT 990 Pro, ti 250 ohm (ohm ni ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó), fóònù àti laptop nìkan ni mo ní n'Íkòròdú ńbí, ṣé wọ́n á gbé e àbí dandan ni amp (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára)?

Ìjẹ̀dé_Boy: Á dún o, àmọ́ kò ní ròkè. Fóltéèjì ni ohm ńlá ń fẹ́, tí fóònù bá tú fóltì 1 jáde, 4 mW (mílíwáàtì, ìwọ̀n agbára iná) péré ló máa wọnú 250 ohm, 32 ohm á gba bíi 31.

Bọ̀dá_Sábó: Ẹ wo sensitivity náà (bí hẹ́dífóònù ṣe ń dún sókè tó lórí agbára kan náà), kì í ṣe ohm nìkan. Amp kékeré tó ń tú fóltì 3 sí 4 jáde ti tó jàre, kó ṣáà jẹ́ èyí tó ń gba iná lára USB torí iná wa yìí. Amp oní-tube OTL tó ń tàn yòò yẹn (OTL ni èyí tí kò ní transformer níbi tí ohùn ti ń jáde), ó bá Sennheiser HD 600 tó jẹ́ 300 ohm mu, àmọ́ output impedance ẹ̀ (ìdènà iná níbi tí ohùn ti ń jáde lára amp) sábà máa ń ga, tẹ́ ẹ bá ki 32 ohm bọ̀ ọ́ báàsì lè dàrú.

Ọmọ_Ìgbógbo: Tí mo bá mú DT 770 Pro 80 ohm ńkọ́?

Ìjẹ̀dé_Boy: Ìyẹn rọrùn jù, fi laptop dán an wò ná kó o tó náwó.