Kí nìdí tí ìyípadà ètò ìpè 911 ìpínlẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ òfin?

Adéwálé_PA:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, níbi tí 911 ti jẹ́ nọ́ńbà tí à ń pè fún pàjáwìrì. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, owó 911 tí wọ́n ń gbà lórí nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù kúrò ní dọ́là kan àti sẹ́ńtì 65, ó di dọ́là kan àti sẹ́ńtì 95, nítorí òfin tí àwọn aṣòfin ṣe lọ́dún 2023. N kò bínú sí owó náà. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ní wọn yóò fi ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni 911 tí mo mọ̀ ń dáhùn bí ènìyàn bá pè é. Kí ló burú nínú ti tẹ́lẹ̀, kí sì nìdí tí káńtì kọ̀ọ̀kan (ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) kò fi lè lọ ra ẹ̀rọ tuntun láìsí òfin?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìbéèrè, Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé. Mo ti ṣe iṣẹ́ agbàpè rí ní ibùdó ìpè pàjáwìrì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe 911 ní Haleyville, ìpínlẹ̀ Alabama, ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1968, fóònù inú ilé tí kì í kúrò lójú kan ni gbogbo ayé mọ̀. Nínú ètò àtijọ́ tó ń gba ìpè fóònù alágbèéká, òpó tí ó gba ìpè ni ó ń pinnu ibùdó tí ìpè náà yóò já sí, kì í ṣe ibi tí ẹni tó pè dúró sí. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ààlà káńtì méjì, ìpè lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ọkọ̀ kankan tó lè rán síbẹ̀. Agbàpè á bèèrè pé, "Níbo lẹ wà gan-an?", ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á ní òun kò mọ orúkọ títì náà, wọ́n á wá darí ìpè sí káńtì kejì, níbi tí wọ́n á ti tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Àkókò tó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀ ń dùn mí títí di òní. Ètò tuntun tí wọ́n ń pè ní Next Generation 911 lè fi ibi tí fóònù wà darí ìpè, ó sì lè gba àtẹ̀jíṣẹ́, àwòrán àti fídíò, èyí tó ṣe pàtàkì fún adití àti fún ẹni tó sá pamọ́ sínú yàrá nígbà tí olè wà nínú ilé.

Agbẹjọ́rò Káyọ̀dé:
Káńtì lè ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tàbí òtẹ́ẹ̀lì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ní Marshall, Texas, ọmọ ọdún 9 kan tẹ 911 nígbà mẹ́rin nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí wọ́n ń pa ìyá rẹ̀, Kari Hunt. Ìpè náà kò jáde, nítorí pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ 9 lórí fóònù náà. Òfin ló fòpin sí irú ètò bẹ́ẹ̀: Texas ṣe tirẹ̀ ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2018.

Ti owó náà tún wà níbẹ̀. Ní California, ìdá kan nínú owó ìpè tí kò kúrò nínú ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ń yọ fún 911 tẹ́lẹ̀; bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo àtẹ̀jíṣẹ́ àti dátà dípò ìpè ni owó ọ̀hún ń gbẹ, títí àwọn aṣòfin fi sọ ọ́ di iye kan pàtó lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2020. Èyí tó ká mi lára jù ni pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń kó owó 911 ná sí nǹkan mìíràn, débi pé òfin àpapọ̀ kan ní 2008 pa á láṣẹ fún FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, láti máa jábọ̀ rẹ̀ fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lọ́dọọdún.

Bàbá Ṣadé:
Mo fara mọ́ ètò tuntun, ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2014. Ẹ̀rọ kan ní Englewood, Colorado, tó ń pín ìpè 911 fún ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, máa ń fún ìpè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà náà dé òpin tí wọ́n ti fi sí i, ẹ̀rọ náà kò pín ìpè mọ́. Ìpínlẹ̀ 7 ni ó kàn, títí kan gbogbo ìpínlẹ̀ Washington, ìpè tó ju 6,600 lọ ni kò sì dé ibùdó kankan láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, òfin tó bá fún wa ní ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà kejì tí ìpè yóò gbà bí ti àkọ́kọ́ bá dí, kí ó sọ bí wọn yóò ṣe tètè ta àwọn ibùdó lólobó, kí ó sì dárúkọ ẹni tí yóò jíhìn.

Adéwálé_PA:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ta wá ni ó ń ṣọ́ owó náà ní ọ̀dọ̀ tiwa?

Agbẹjọ́rò Káyọ̀dé:
PEMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ni ó ń pín in fún àwọn káńtì. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín kí ẹ bèèrè iye tó kan káńtì yín, àti iye tí wọ́n ná lórí ẹ̀rọ àti lórí owó oṣù àwọn agbàpè.