Báwo ni bẹntiróòlù ṣe ń pẹ́ tó nínú kẹ́ẹ̀gì kí ó tó bàjẹ́?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí mo bá fa okùn jẹnẹrétọ̀ mi títí apá fi ń ro mí, yóò kàn hú díẹ̀ ni, yóò sì dákẹ́. Mẹkáníìkì tí mo pè tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gba owó rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wàhálà náà fi tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pè é padà, ó ní epo tí mo tọ́jú sílé ni kò dára, ó sì ń jágbe mọ́ mi bí ẹni pé òun ni ó bí mi. Ṣé epo a máa bàjẹ́ lóòótọ́, àbí ọkùnrin náà kàn fẹ́ bo iṣẹ́ tí kò ṣe dáadáa mọ́lẹ̀ ni?

Atúnrọṣe: Òótọ́ ni ó sọ. Ẹ kò sọ ìgbà tí ẹ ra epo náà àti ohun tí ẹ rọ ọ́ sí fún wa. Bẹntiróòlù tí a dé pa dáadáa sábà máa ń wúlò fún bí oṣù 3 sí 6. Èyí tí ó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí iná tètè ràn án, ni ó kọ́kọ́ ń fò lọ; bí ìyókù bá sì pẹ́ nílẹ̀, yóò ki bí oje igi, yóò sì dí ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Bí wọ́n bá ti po ethanol, ìyẹn irú ọtí kan, mọ́ ọn, a tún máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́.

Ìyá Ìbejì: Dísù ni èmi ń tọ́jú ní tèmi. Nígbà kan, nǹkan dúdú tí ó ń yọ̀ dí fílítà ẹ̀rọ mi pátápátá. Wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé ibi tí omi àti dísù ti pàdé nínú táǹkì, ni mo bá ń fa omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù láti ìgbà náà.

Bàbá Àgbà: Ìyá Ìbejì, bẹntiróòlù ni wọ́n béèrè. Èmi ti lo èyí tí ó lé ní ọdún kan, kò sì sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ mi.

Atúnrọṣe: Ẹ̀gbọ́n, orí ni ó yọ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹ̀rọ tirẹ̀ dán an wò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé. Bẹntiróòlù ni, láti ọdún tó kọjá. Kẹ́ẹ̀gì omi ni, ṣùgbọ́n mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù, mo sì fi ọ̀rá àti rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, àfi pé ọ̀rá náà máa ń wú bí oòrùn bá mú. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìbìkítà: kọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni mo gbé e sí, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má bàa tó o.

Ìyá Ìbejì: Ilé ìdáná kẹ̀! Ẹ dìde ńbẹ̀ kíákíá!

Atúnrọṣe: Ẹ fi ti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ epo ni ó ń wú ọ̀rá yẹn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rá gbà títí yóò fi kan iná sítóòfù. Ẹ pa gbogbo iná tí ẹ fi ń dáná, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì kankan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí ibi ìbòòji ní ìta, kí ó jìnnà sí ilé.

Olùbéèrè: Mo ti gbé e jáde. Ṣùgbọ́n owó ni mo fi rà á. Ṣé mo lè po oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ mọ́ ọn?

Atúnrọṣe: Epo tuntun ni a ń po oògùn yẹn mọ́, kì í jí èyí tí ó ti kú. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sórí ilẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gba ìdọ̀tí eléwu ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ fa èyí tí ó wà nínú táǹkì jẹnẹrétọ̀ náà kúrò, kí wọ́n tún kabúrétọ̀ fọ̀. Bí ẹ bá ra òmíràn, inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Ilẹ̀ ni kí ó wà bí wọ́n bá ń rọ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kún dé ẹnu, nítorí epo a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná.