Mustang 2024: EcoBoost Premium tàbí GT?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Houston ni mo ń gbé, mọ́tò Ford Mustang 2024 ni mo fẹ́ rà, mi ò sì mọ èyí tí mo lè mú. Àga EcoBoost Premium ń móoru, ó ń tutù, àmọ́ ẹ́ńjìnnì lítà 2.3 ló ní, agbára ẹṣin 315, kò sì sí máńúà (jíà tí èèyàn ń fọwọ́ yí). GT ní V8 (ẹ́ńjìnnì oní sílíńdà mẹ́jọ) lítà 5.0, agbára ẹṣin 480, máńúà wà, ṣùgbọ́n àga aláṣọ lásán ni. Mo ti wa méjèèjì. Ìró V8 yẹn ò tíì kúrò létí mi. Mo ti béèrè owó ìnṣọ́ránsì, apá mi ká a. Epo ló kù. Máìlì 40 ni mò ń wa mọ́tò lójúmọ́ lọ síbi iṣẹ́ àti bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi GT lọ síbi iṣẹ́, èló lẹ fi ń ra epo lọ́sẹ̀?