Kókó nínú ọpọlọ ẹ̀yìn: ṣé àwòrán nìkan tó láti fi mọ ohun tó jẹ́?

Ọmọ Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Télọ̀ ni àbúrò mi, ẹni ọdún 38. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, tó bá fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á kọjá ojú abẹ́rẹ́ náà. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì ń bì láràárọ̀. Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú fún wa tẹ́lẹ̀, kí MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà yà, tó fi kókó kan hàn nínú ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, tí etí rẹ̀ ń tàn bí òrùka. Dókítà ní ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn ràn débẹ̀, ó sì lè jẹ́ glioblastoma, jẹjẹrẹ líle tó ń ti inú ọpọlọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà yọ níbẹ̀. Ó fẹ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀ wò. Ìyá wa kò gbà kí wọ́n ṣí orí ọmọ wọn. Wọ́n ní ká lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ná. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìgbọ̀nà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Eéwo inú ọpọlọ pẹ̀lú lè tàn bí òrùka, nítorí náà àwòrán yẹn nìkan kò lè sọ ohun tó jẹ́. Wọ́n á yẹ àyà àti ikùn rẹ̀ wò, nítorí pé lára àgbàlagbà, jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Tí wọn kò bá rí nǹkan kan, ìfura á padà sórí ọpọlọ fúnra rẹ̀. Èébì àárọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kókó tó wà níbẹ̀ lè dí ọ̀nà omi ọpọlọ. Bí oorun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé láti 1962, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé, ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ orí ní UCH, Ìbàdàn.

Òṣìṣẹ́ Láàbù, Ilé-Ifẹ̀:
Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, glioblastoma kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹran ara tí wọ́n bá gé ló máa sọ òtítọ́. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi àyẹ̀wò jíìnì kún bí wọ́n ṣe ń pín kókó ọpọlọ: bí àpẹẹrẹ, kókó kan tó gbilẹ̀ ní àárín gbùngbùn ọpọlọ lè dà bí èyí tí kò le lábẹ́ awò, ṣùgbọ́n bí ìyípadà jíìnì tí wọ́n ń pè ní H3 K27 bá wà nínú rẹ̀, ipele 4, èyí tó le jù, ni.

Ìyá Ìbejì, Alékúwọdò:
Irú èyí ló ṣe ọkọ mi. Nígbà tí dókítà kejì béèrè fún ẹran ara tí wọ́n fi ìda pamọ́, ilé ìwòsàn tó gé e kò rí i mọ́. Ẹ gba tiyín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò mi ti lo dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé kò ní ba àyẹ̀wò náà jẹ́?

Òṣìṣẹ́ Láàbù, Ilé-Ifẹ̀:
Bó bá jẹ́ lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, oògùn yẹn lè mú kó fara pamọ́. Ẹ sọ fún dókítà abẹ kó tó gé e, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fúnra yín dá a dúró.